Ọ́ìlì Bàbá àti Máṣìnnì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Nílé ẹlòmíràn, bí o bá ń wá ọmọ wọn fẹ́, wọ́n á béèrè ìlú rẹ, wọ́n á béèrè iṣẹ́ rẹ, wọ́n á sì ní kí o jókòó jẹun. Ní ti bàbá tí mo ń sọ yìí, máṣìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn ọ̀kadà onítáyà mẹ́rin, ni wọ́n gbé síwájú mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mẹkáníìkì ni mí, ó dáa, kí n tún eléyìí ṣe. Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Tukur-Tukur, lápá àríwá, níbi tí mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe fún àwọn aláchàbà, ìyẹn àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, ohun kan ṣoṣo tí mo sì ń wá lọ sílé wọn ní Sabon Gari ni ọmọbìnrin wọn kejì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Muchia.

Ọmọ Kwara ni Bàbá, àwọn ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní Chikaji. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn jiyàn. Bí wọ́n bá ti wọlé, àwọn ọmọ á dákẹ́, àní èyí tó ti ń gbowó oṣù nínú wọn. Òyìnbó kan ní ilé iṣẹ́ wọn ló ni máṣìnnì náà tẹ́lẹ̀, eré ìje ló fi ń sá. Ó ti yọ kábúrétọ̀ tó bá a wá, ó fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, ó sì so páìpù èéfín kan mọ́ ọn tó yọ ikùn bí aboyún. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílé, Bàbá rà á. Ìyá ilé ò tíì dárí jì wọ́n. Kí ni ẹni tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún fẹ́ fi máṣìnnì eré ìje ṣe? Bàbá ní àwọn á máa fi lọ sóko. Wọn ò sì lóko.

Irú ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ ni, bíi ti àwọn ọ̀kadà àtijọ́, nítorí náà kò bà mí lẹ́rù. Mo fọ kábúrétọ̀, mo ta á nípàá, ó dáhùn, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò sì sá wọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá gùn ún dé pápá tí wọ́n sì fún un níná dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà bí àgbàdo nínú agbada, agbára rẹ̀ á relẹ̀, á sì kú. Bó bá tutù, á tún jí.

Mo tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò. Ó funfun báláú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jẹun bó ṣe yẹ, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ á pọ́n bí èèpo ẹ̀pà. Bí bẹntiróòlù bá pọ̀ jù, á dúdú, á sì tutù. Bó bá funfun, ebi bẹntiróòlù ló ń pa á, ooru sì máa tó jẹ písítìnì rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ni, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tutù, ó sì ki, bẹntiróòlù ni ò tó o. Mo wá pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn idẹ kékeré oníhò tí bẹntiróòlù ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, mo fi èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, púlọ́ọ̀gì tún funfun, orí mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ju ẹ́ńjìnnì lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ni mo ká Bàbá mọ́ ìdí rẹ̀. Mo wọlé, mo bá wọn tí wọ́n ń da agolo mílíìkì kan tó kún fún ọ́ìlì sínú táńkì tí mo ti po sílẹ̀ fúnra mi. Wọn ò tilẹ̀ fi pamọ́. Wọ́n bi mí bóyá mi ò rí i bí púlọ́ọ̀gì yẹn ṣe funfun ni. Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn síwájú, wọ́n fi èékánná ha á, ó hàn funfun.

“Ọyẹ́ ni,” ni wọ́n wí. “Bí ọyẹ́ bá ṣe èèyàn báyìí, kí la fi ń pa á? Ṣé òróró kọ́?”

Àlàyé náà dùn létí. Irọ́ gbuu sì ni. Ihò jẹ́ẹ̀tì ò lè ju bó ṣe mọ lọ. Bí ọ́ìlì bá gba àyè níbẹ̀, bẹntiróòlù tó ń kọjá á dín kù, ẹ́ńjìnnì á sì túbọ̀ gbóná. Bàbá rò pé àwọn ń tu ẹ́ńjìnnì lára, iná ni wọ́n ń kó sí i. Ṣùgbọ́n ta ló máa wí? Ṣé èmi tí mo ń wá ọmọ wọn fẹ́, tí mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Mo ní ẹ ṣeun sà, mi ò ronú débẹ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣe ohun tí mo kà sí ọgbọ́n. Mo ka ọ́ìlì Bàbá mọ́ ìṣirò mi, mo wá jẹ́ẹ̀tì tó tún fẹ̀ sí i. Máṣìnnì náà fò bí ẹyẹ. Bàbá ń sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ́ìlì àwọn ló wò ó sàn, wọ́n sì tún fi kún ọ́ìlì. Èmi náà tún wá jẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, Bàbá á ti dé Chikaji kí èéfín wọn tó kúrò lójú títì, àwọn aláchàbà sì ń wúkọ́ tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ẹ́ńjìnnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà.

Ọmọ wọn tí mo ń fẹ́ bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti tún ń tú kábúrétọ̀, ó bi mí pé kí ló tún dé. Mo rò fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo rò pé yóò yìn mí ni. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

“Bí ìyá rẹ bá wá sílé wa lọ́la, tá a bá fẹ́ ara wa tán, tó ṣe ohun tí kò dáa sí mi, ṣé èmi náà lo máa tún ṣe kí n lè gbà á mọ́ra?”

Ó ní bí mi ò bá sọ òótọ́ fún bàbá òun, kí n má wulẹ̀ wá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, pàápàá nítorí pé mo mọ ìyá mi.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, mo lọ. Bàbá ti múra àtijáde, agolo wà lọ́wọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ibẹ̀ náà ni mo sì ti sọ̀rọ̀, torí ó rọrùn láti wo bàtà wọn ju ojú wọn lọ.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ọ́ìlì tí ẹ ń kún un ló ń pa á. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, mo kàn ń fi jẹ́ẹ̀tì bò ó mọ́lẹ̀ ni.”

Ìyá ilé tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì dáwọ́ dúró. Bàbá gbé agolo sílẹ̀. Wọ́n ní, “Tò, ó dáa. Dìde, fi hàn mí.”

Mo da táńkì nù, mo po òmíràn bó ṣe yẹ, mo dá jẹ́ẹ̀tì tí mo kọ́kọ́ fi sí i padà. Wọ́n dúró lé mi lórí títí mo fi ṣe tán. Wọ́n gùn ún jáde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀, kò ta, kò sì wúkọ́. Nígbà tí wọ́n dé, mo fi àkísà tú púlọ́ọ̀gì náà. Ó pọ́n bí èèpo ẹ̀pà. Wọ́n gbà á tòun ti àkísà, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

Wọ́n béèrè ẹni tó tún mọ̀ sí i nínú ilé. Mo ní ọmọ wọn mọ̀, òun ló ní kí n wá sọ ọ́.

“Kò lè fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi?”

Ìyá ilé tẹjú mọ́ ìrẹsì rẹ̀. Mi ò rí ojú Bàbá bẹ́ẹ̀ rí, bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bú wọn tí wọn ò sì rí ẹni tí wọn yóò bú padà.

“Sọ fún àwọn ará ilé rẹ kí wọ́n máa bọ̀,” ni wọ́n wí níkẹyìn. “Ilé yìí nílò ẹni tó lè bá mi sọ òótọ́.”

Wọ́n fi púlọ́ọ̀gì sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì lọ bá ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.