Safiatou àti Eré Ojú Ọ̀run Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Mú Bọ̀

Bí o bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Tchaourou tí o sì béèrè Safiatou, wọn yóò bi ọ́ pé Safiatou wo. Ṣùgbọ́n Tata Manẹ́tì, ìyẹn Àǹtí Manẹ́tì, ni kí o béèrè, kí o sì rí i bí gbogbo ìka yóò ṣe nà sí ibì kan náà: lẹ́yìn àwọn tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, yàrá kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí aṣọ pupa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ọwọ́ méjèèjì di manẹ́tì mú, tí wọ́n fi ń darí eré lójú télé. Àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń jà, àwọn kan ń wa ọkọ̀ tí baba wọn kò ní rí wà títí ayé.

Goro, lágbègbè Tchaourou, ni wọ́n bí Safiatou sí, lọ́dún tí àwọn àgbà péjọ ní Kútọnu tí ìjọba fi yí padà láìyìnbọn. Baba rẹ̀ a máa sọ pé ọmọ tí a bí lọ́dún tí gbogbo ènìyàn gba àyè láti sọ̀rọ̀, báwo ni kò ṣe ní lẹ́nu? Ó lẹ́nu lóòótọ́. Ó kàwé díẹ̀, ó kọ́ irun dídì, ó fẹ́ Abdou, awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó kajú lọ sí Kútọnu. Abdou ló ra ẹ̀rọ eré àkọ́kọ́, àlòkù ni, ní Parakou, pé kí òun máa fi gbádùn bí òun bá wà nílé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kì í gbélé. Ẹ̀rọ wà nílẹ̀, ìyàwó wà nílẹ̀. Nígbà tí Abdou yóò fi ti ìrìnàjò dé, Safiatou ti mọ eré náà ju gbogbo ọkùnrin àdúgbò lọ. Ìyá rẹ̀, Ìyá Roukaya, gba ààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́run, tí í gbọ́ àdúrà lọ́nà tirẹ̀, fi manẹ́tì sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ń bọ́ ìyá.

Àwọn yàrá eré mìíràn wà ní Tchaourou tí télé wọn tóbi ju ti Safiatou lọ. Ohun tí wọn kò ní ni ẹnu tí a gbà gbọ́. Bí eré tuntun bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó sí i lójú gbogbo ènìyàn. Bó bá ṣe é tán, yóò gbé fóònù sẹ́nu, yóò sọ ohun tó rí ní Nàgó tó dán, láìta oyin sí i, yóò sì fi fókálì náà, ohùn tó gbà sílẹ̀, ránṣẹ́ sí grúùpù Wọ́sáàpù. Wọ́n ń gbọ́ ọ ní Tchatchou, wọ́n ń gbọ́ ọ ní Savè. Bó bá ní eré kan dùn, àwọn ọ̀dọ́ á gun ọ̀kadà zém wá láti Sanson. Bó bá ní kò dùn, ó parí, ẹ wá aṣọ funfun sin ín.

Ó ku díẹ̀ kí Iléyá pé nígbà tí Imorou dé láti Faransé. Ẹ̀gbọ́n Safiatou ni, ọmọ ìyá kan náà. Ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, torí náà ó mọ bí a ti ń gbé páálí kalẹ̀ kí ojú gbogbo ènìyàn lè wà lára rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ eré tuntun kan kalẹ̀ láàárín agboolé, ó sì gbé àwo eré kan lé e lórí, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún ayé ló wà nínú rẹ̀!" ni Imorou ń wí. "Wàá kan ọkọ̀ òfuurufú tìrẹ, wàá máa ti inú ayé kan bọ́ sí òmíràn. Ibi tó bá wù ọ́ ni wàá lọ."

"Ṣé Mẹ́kà wà nínú ẹgbẹ̀rún náà?" Ìyá Roukaya béèrè.

"Rárá, Ìyá. Ojú ọ̀run ni."

"Kí ni wọ́n wá ń wá kiri nígbà náà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Safiatou kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ayọ̀ rẹ̀ sì dénú. Láti Kútọnu wá ni Imorou ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í nínú ọkọ̀ pé irú eré yìí kò wọ Tchaourou rí, àbúrò òun ni yóò kọ́kọ́ ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, yàrá kún fọ́fọ́. Safiatou jókòó. Ó ní kí òun wọ inú ọkọ̀ òfuurufú náà: ojú télé ṣókùnkùn, ẹ̀rọ ní kí wọ́n dúró. Wọ́n dúró. Ó jókòó sórí àga awakọ̀: kí wọ́n dúró. Ó ní kí ọkọ̀ gbéra: wọ́n fi àwòrán ọkọ̀ tó ń gbéra hàn án, òun fúnra rẹ̀ kò wa nǹkan kan, wọ́n tún ní kó dúró.

"Tata, bọ́ọ̀sì Parakou sàn ju èyí lọ," ni Rafiou wí, ọlọ́kadà zém tí kì í pa ẹnu mọ́. "Bí ti Parakou bá dúró, èèyàn a ra wàgáṣì jẹ."

Wọ́n balẹ̀ sínú ayé àkọ́kọ́. Òkúta. Safiatou rìn, ó rìn, ó rí ihò kan, àpótí kan wà nínú rẹ̀, òkú kan sùn tì í. Wọ́n lọ sí ayé kejì. Òkúta, ihò, àpótí. Òkú náà sì sùn bó ti sùn lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ kan nínà, ẹsẹ̀ kan kíká.

"Ìyá kan náà ló bí àwọn ayé yìí," ni ẹnì kan wí.

"Ìyá wo?" Adébáyọ̀ dá a lóhùn, ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe ní gáréèjì òdìkejì. "Fọ́tòkópì ni."

Safiatou ṣa irin díẹ̀ nínú àpótí, ó mú ife kan pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kígbe pé ẹrù rẹ̀ ti wúwo jù, kò lè sáré mọ́. Yàrá hó yèè.

"Ife!" Rafiou dìde dúró. "Èmi tí mo gbé àpò èédú, ewúrẹ́, àti ìyàwó ẹni tó ni ewúrẹ́, láti Goro wá síbí, lórí zém kan ṣoṣo!"

Wọ́n dé ìlú kan níkẹyìn, ìlú ńlá tó ń kọ mànà. Bàbá arúgbó kan dúró láàárín ọjà. Safiatou tẹ ibi tí a ń tẹ̀ láti kí ènìyàn. Bàbá náà tẹjú mọ́ ọn, ojú bí ti ẹja gbígbẹ. Kò wí nǹkan kan. Ó yí padà, ó rìn lọ kan ògiri, ó sì ń rìn níbẹ̀, ẹsẹ̀ ń lọ, ara kò kúrò.

"Kò dáhùn," ni Rafiou wí jẹ́jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ lèyí o. Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọdé bá kọjá láìkíni, ìyá rẹ̀ ni a ń béèrè. Bí àgbà ni kò bá dáhùn kíkí, a máa ń bojú wo ẹ̀yìn wa bóyá ẹnì kan ti kú nílé tí wọn kò tíì sọ fún wa. Safiatou gbé manẹ́tì sílẹ̀.

"Tata, fókálì! Ẹ fi bú àwọn tó ṣe eré yìí!"

Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà ti kún ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n ni, kò tíì sùn mọ́jú. "Ó di ọ̀la," ló wí. Wọ́n wo ara wọn. Tata Manẹ́tì kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Bí wọ́n ti kírun òwúrọ̀ tán ni Ìyá Roukaya ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ṣé o ti lọ dúpẹ́ àná?"

Ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn ní ilẹ̀ wa, ó di dandan kó tún jí lọ dúpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà ti wà nílẹ̀ láti ayébáyé, a kì í dín in kù. Bí wọ́n bá fún ọ ní adìyẹ arọ, adìyẹ ni wàá dúpẹ́ fún, o kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹsẹ̀. Safiatou lọ, ó kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun àná, ẹ kú oore. Ohun ńlá lẹ ṣe. Irú rẹ̀ kò wọ Tchaourou rí. Inú wa dùn. Ọlọ́run yóò fi kún un."

Imorou ń rẹ́rìn-ín músẹ́, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Safiatou rí fóònù náà. Ó rò pé ìyàwó rẹ̀ ní Faransé ló fẹ́ kó gbọ́ ìdúpẹ́ náà.

Kókó àárọ̀ kò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí Rafiou fi já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó na fóònù sí i létí. Ohùn Safiatou ló ń jáde: Ohun ńlá. Irú rẹ̀ kò wọ Tchaourou rí. Inú wa dùn. Imorou ló fi ránṣẹ́ sí grúùpù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìdájọ́ Tata Manẹ́tì lórí eré tuntun rèé.

"Inú ta ló dùn, Tata?" Rafiou bi í. "Bàbá tó ń rìn mọ́ ògiri yẹn, àbí inú ògiri?"

"Rafiou, ìdúpẹ́ ni mo ṣe."

"Ará Savè mọ̀ pé ìdúpẹ́ ni? Ohùn yín ni wọ́n gbọ́. Adébáyọ̀ ní bó bá tún di ti eré tuntun, àwọn tó ń polówó ọṣẹ ni òun yóò lọ bi léèrè, torí àwọn yẹn jẹ́wọ́ pé ọjà làwọn ń tà. Wọ́n ti ń jáde kúrò ní grúùpù, ẹ wò ó."

Safiatou wò ó. Orúkọ ń tẹ̀lé orúkọ jáde, bí ìgbà tí àdúrà bá tán ní mọ́ṣáláṣí tí kálukú ń wá bàtà rẹ̀.

Ó bá Imorou nídìí orógbó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé ìdúpẹ́ ni."

"Ṣé ẹnu ẹlòmíràn ló ti jáde ni?"

"Ẹ mọ̀ pé ìdúpẹ́ ni."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé."

"Kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Imorou sọ orógbó sílẹ̀. "O fẹ́ kí wọ́n máa wí láti ibí dé Savè pé pàǹtírí ni Imorou dì bọ̀ láti Faransé? Gbé fóònù, sọ òdìkejì, kí o wá wò ó bóyá a ó tún jẹ́ ọmọ ìyá."

"Safiatou, pa ẹnu yẹn mọ́," Ìyá Roukaya bẹ̀bẹ̀. "Iléyá ń bọ̀. Ta ni yóò bá ta jẹ ẹran bí ẹ bá ń jà?"

Safiatou dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́pọ̀ lójú ìlú. Bó bá dákẹ́, ẹnu tó ti ń fi òtítọ́ jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ wá ti kú, yàrá aláwọ̀ ewé yóò sì di ibi tí wọ́n ń tọ́jú iṣu sí.

"N kò ní ṣe fókálì kankan," ló wí. "Ẹ̀yin ni kí ẹ wá jókòó sídìí eré náà lójú wọn. Bí ẹ bá ṣe é tán tí ẹ ní ó dùn, ó dùn nìyẹn. Mo fara mọ́ ọn."

Ẹni tó ti fọ́nnu láti Kútọnu kò lè sọ pé òun kò mọ eré ṣe. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Imorou wọ agbádá wá. Safiatou ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, kó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Imorou gba manẹ́tì, ó sì dorí rẹ̀ kodò.

"Tonton, ṣé ẹ ti ṣe é rí?" Adébáyọ̀ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá.

"Mo wò ó nínú ìpolówó."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ojú télé ṣókùnkùn.

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ní kí ẹ dúró, ẹ̀gbọ́n."

"Dìgbà wo?"

Ó dúró, ó gbéra, ó dúró, ó balẹ̀, ó dúró. Ó rí òkúta, ihò, àpótí, àti òkú ẹlẹ́sẹ̀ kíká. Ó ṣa irin títí wọ́n fi ní ẹrù rẹ̀ ti wúwo, ó fi bẹ́ẹ̀ wọ́ ẹsẹ̀ dé ìlú náà. Bàbá arúgbó wà níbẹ̀. Imorou, ọmọ Goro, rẹ ohùn sílẹ̀ láìmọ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀: "Ẹ kú ọ̀sán o, bàbá."

Safiatou bá a tẹ ibi tí a ń tẹ̀. Bàbá náà wò ó, ó tì í lójìká kọjá, ó lọ bá ògiri.

"Ṣé kò gbọ́ mi ni?" Imorou gbé ohùn sókè. "Bàbá, ẹ kú ọ̀sán!"

Wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun, wọ́n sì padà. Imorou ló ṣáájú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di aṣọ pupa mú, ó ń wo télé. Bàbá náà ṣì ń rìn mọ́ ògiri.

"A lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, a tún dé," Imorou wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹgbẹ̀rún ayé! Kò sí ọmọlúàbí kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ pa nǹkan burúkú yìí fún mi!"

Ẹ̀rín tí wọ́n ti ń gbé mì láti ọ̀sán bú jáde. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ohùn Imorou tún dún, láti inú fóònù tibí, láti inú fóònù tọ̀hún: Kò sí ọmọlúàbí kan ṣoṣo níbẹ̀. Rafiou ti gbà á sílẹ̀, ó ti wà ní grúùpù. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Imorou wo Rafiou, ó wo àbúrò rẹ̀, ó gbá agbádá mọ́ra, ó sì jáde láìdágbére. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn tó jáde ní grúùpù ti ń bẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn wọlé padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn Safiatou. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde. Imorou wà lẹ́yìn ilé, ó ń run orín, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Safiatou kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun àná."

Imorou ń run orín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oore àná o. Ẹ gbà mí là."

Kò dáhùn. Safiatou kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ibi tó dojú kọ.

"Ògiri ló wà níwájú yín yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má rìn o."

Nínú ilé, Ìyá Roukaya fi ìborùn di ẹnu. Imorou tutọ́ orín sílẹ̀. "Fóònù rẹ dà?"

"Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Hùn," ló wí níkẹyìn, láìyíjú padà.

Fún ọmọ Goro, ìyẹn náà ń jẹ́ ìdáhùn. Safiatou gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sì lọ ṣí yàrá eré.