Ọwọ́ Tí Màmá Fi Orógùn Nà

Ó rẹ̀ mí. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí pé báwo lara, ohun tí màá sọ nìyẹn. Ẹ̀rọ ìlagi ló gé ọwọ́ ọ̀tún mi lọ́dún tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Agric, n'Íkòròdú. Egbò ti jinná. Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ fi ń mọ́. Ta ló fẹ́ wá wẹ tèmi?

Lọ́jọ́ kan mo nawọ́ owó sí ìyá oníbúrẹ́dì, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ta ni mò ń fún lọ́wọ́ òsì. Nígbà tó rí apá ẹ̀wù mi tó ṣófo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ẹ̀bẹ̀ náà sú mi ju ìbínú rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ òsì ni wọ́n bí mọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, òun ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Màmá mi ò gbà. Bí mo bá ti fi kan oúnjẹ, orógùn ni. "Ọwọ́ tí ọmọ Mùsùlùmí fi ń fọ ìdí kọ́ ló fi ń jẹun." Ó nà án títí ọwọ́ náà fi gbàgbé iṣẹ́. Ní báyìí tí mo wá nílò rẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ọwọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dé Ẹ̀pẹ́ fún oṣù mẹ́jọ. Mo ti bímọ, irun mi ti ń funfun, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí kí Màmá má lọ rí mi níbi tí mo ti ń fi òsì jẹun. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀rọ gé mi lọ́wọ́, ó wá ránṣẹ́ pé bí mi ò bá wá, òun á wọkọ̀ wá. Orúnkún rẹ̀ ò sì gbé e mọ́. Mo lọ.

Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja síwájú mi. Mo ní mo ti yó. Irọ́ ni, ebi ń pa mí. Ó wò mí. Ó fa abọ́ omi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ki ọwọ́ òsì mi bọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́ níka-níka.

"Màmá, òsì ni o."

"Mo mọ̀. Ṣé èmi kọ́ ni mo nà án ni?"

Mo bu òkèlè. Ó já bọ́ sórí ṣòkòtò mi. Màmá mú un kúrò, ó di ọwọ́ náà mú tòun ti ọbẹ̀ lára, ó tẹjú mọ́ ọn.

"O jàre," ó ní. "Èmi ni mo jẹ̀bi."

Kò wojú mi rárá. Ọwọ́ náà ló ń bá sọ̀rọ̀.