Bíréèkì Ọwọ́ Ẹ̀yìn

Kẹ̀kẹ́ ológeere wa àtijọ́ ní ìjókòó méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ tí a ń dì mú: èmi níwájú, ìyàwó mi lẹ́yìn. Bíréèkì rẹ̀ kì í tètè mú. Lọ́jọ́ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ewúrẹ́ kan ní Àgbàdo, ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn délé. Ó ní òun kò gùn ún mọ́, àfi bí òun náà bá ní bíréèkì lọ́wọ́.

Kò wù mí láti máa dá gun kẹ̀kẹ́ ẹni méjì kiri, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

“Bàbá, ẹni iwájú ló ń di bíréèkì mú,” ni ó wí.

“Ẹni ẹ̀yìn ló ń bẹ̀rù,” ni mo fi dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó so bíréèkì tuntun méjì mọ́ ọn, ó sì fa wáyà ọ̀kan dé ọwọ́ ẹ̀yìn.

Ní Sátidé, a gbéra lọ kí ọmọ wa obìnrin ní Òkè-Àró. A kò tíì jáde ládùúgbò tí kẹ̀kẹ́ fi dúró gbagidi. Mo bojú wẹ̀yìn, ìyàwó mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà kan.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ọkọ mi ni kì í dúró.”

“Ìyàwó tíṣà, mo ti rò pé ẹ̀ ń sá fún mi ni.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dúró kí ènìyàn títí oúnjẹ tí ọmọ wa sè fi tutù dè wá.

“Bíréèkì yìí mà mú o,” ni ìyàwó mi wí.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo rí ìyá àgbà náà lókèèrè, mo sì fa bíréèkì tèmi kí ìyàwó mi tó fa tirẹ̀.