Ta Ló Ń Bá Ọ Lọ?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń sọ pé òórùn àkàrà gbígbóná ló ń jí yín láàárọ̀ nígbà èwe, ẹ kú oríire. Epo bẹntiróòlù ló ń jí èmi. Nílé wa ní Djègan-Kpèvi, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, inú yàrá tí èmi àti Ìyá mi ń sùn ni bídọ̀n, ike ńlá tí wọ́n ń rọ epo sí, máa ń wà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, Ìyá á ti máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo èyí tó kún, òórùn rẹ̀ á sì gba imú mi lọ sí àtàrí. Epo tí wọ́n ń gbé wọlé láti ìhà Nàìjíríà ni, èyí tí àwọn Gun tí a jọ ń gbé ń pè ní kpayo. Kò sí ẹni tó dàgbà ní Àjàṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n: tábìlì onígi létí títì, ìgò ọtí tí wọ́n rọ epo sí lórí rẹ̀, àti ìgò gíláàsì abikùn ńlá nílẹ̀. Tábìlì tiwa wà ní Ouando, níbi tí ọ̀nà ti yà lọ sí Kétu, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Bàbá mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

Iṣẹ́ tèmi ni fífa epo. Bí epo bá fẹ́ ti inú bídọ̀n bọ́ sínú ìgò, èmi ni n óò ki rọ́bà bọ̀ ọ́, n óò fi ẹnu fà á, n óò sì yára yọ ẹnu kí ó tó dé ọ̀fun mi. Lọ́pọ̀ ìgbà n kì í yára tó. Bàbá á gbọ́ ikọ́ mi láti abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe, wọ́n á sì kígbe: “Tutọ́! Má gbé e mì!” N óò tutọ́ títí itọ́ á fi tán lẹ́nu mi, síbẹ̀ gaàrí tí mo bá mu lọ́sàn-án, epo ni. Nílé ìwé, tíṣà ní kí n lọ máa jókòó lẹ́bàá fèrèsé ẹ̀yìn, nítorí pé òórùn ara mi ń fọ́ òun lórí. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí.

Mo mọ ọkọ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Láti ibi tábìlì Ìyá, mo lè gbọ́ ìró ẹ̀rọ kan kí n sọ ohun tó ń ṣe é. Ràímì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kò mọ̀ ju pé kó nu ojú gíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ràímì pé ọmọ ọdún márùndínlógún, òun ni Bàbá gbé lọ sí pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Àìkú láti kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Wọ́n fi mí sí ìjókòó ẹ̀yìn kí n máa ṣọ́ bàtà wọn. Ẹ̀yìn yẹn náà ni mo ti kọ́ ọ, n kò sọ fún ẹnì kankan.

Bàbá mi ní gbólóhùn kan. Bí mo bá ti wọ bàtà, yálà ibi tó jìn ni mo ń lọ tàbí ibi tó wà nítòsí, ó di dandan kí wọ́n bi mí: “Ta ló ń bá ọ lọ?” Mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi ní Dowa, àdúgbò tó wà nítòsí wa. “Ta ló ń bá ọ lọ?” Mo fẹ́ lọ dá ìwé padà fún aládùúgbò. “Ta ló ń bá ọ lọ?” Bí n kò bá ti ní ẹni tí n óò dárúkọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kí n bọ́ bàtà. Èmi tí mo ń dá jókòó ti epo tó lè gbiná láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìyẹn kò léwu lójú wọn. Kí n dá rìn dé Dowa ni ayé á bàjẹ́! Bí mo bá fẹ́ fèsì, Ìyá á fi ẹsẹ̀ gún mi lábẹ́ tábìlì. “Ìwọ ṣáà fa epo,” á wí, “má fa ìjà.”

Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi dé Ọsirélíà. Irúgbìn ọkà bàbà ni iṣẹ́ mi, wọ́n sì pè wá wá wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín lọ́hùn-ún. Nígbà tí ìpàdé parí, àwọn tí a jọ lọ wọ bàálù, wọ́n padà sílé. Ní tèmi, ọjọ́ mẹ́jọ ṣẹ́ kù nínú ìsinmi mi, mo sì lọ háyà ọkọ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì bi mí pé àwa mélòó ni. Mo ní èmi nìkan. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó ní kí n máa gbádùn. Mo dúró síbẹ̀, mo ń retí ìbéèrè kejì. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ọ̀tún sì ni ìdarí ọkọ̀ wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ tan iná pé mo ń yà, ohun tí ń nu omi òjò lójú gíláàsì ni mo ń tan, nínú oòrùn ganrínganrín. Bí mo ṣe kúrò ní ìgboro, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pupa, ilé ń dín kù, tó fi di pé wáyà ọgbà màlúù nìkan ló kù lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá ń bọ̀ lódìkejì á gbé ìka kan ṣoṣo sókè láti orí ìdarí ọkọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé èébú ni, mo sì bú ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ padà ní Nàgó, Yorùbá ilé wa. Ẹ̀yìn náà ni mo wá mọ̀ pé wọ́n ń kí mi ni.

Ní ọjọ́ kẹta ni mo ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti sọ. Èmi ọmọ elépo, epo tán mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ mi á yé yín. Ta ló ń rọ epo kún ọkọ̀ nílé wa? Lítà kan, lítà méjì, ó tó. Bí abẹ́rẹ́ epo bá sọ̀ kalẹ̀, tábìlì ń bẹ níwájú, òmíràn sì ń bẹ níwájú ìyẹn. Mo kọjá ilé epo kan ní abúlé kékeré kan, epo mi ku ìdajì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ kò ní rí epo mọ́ títí yóò fi lọ jìnnà. Mo kà á, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo ní oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rù ta epo fún mi. Mo tẹ ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Tẹlifóònù mi kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan mú. Kangarú kan tó ti kú wà létí ọ̀nà, eṣinṣin bò ó, kò sì sí ẹlòmíràn ju èmi àti òun lọ. Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Kì í ṣe omi, kì í ṣe ejò. Ohùn Bàbá mi ni: “Ta ló bá ọ lọ?” Ẹ gbà mí! Mo gbá ìdarí ọkọ̀ yẹn lábàrá títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi pọ́n. Mo bọ́ sílẹ̀, mo jókòó sí òjìji ọkọ̀, inú sì ń bí mi. Mo mọ ọjọ́ tí inú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí lọ́jọ́ náà. Mo ti yege nínú ìdánwò ìwé láti wọ lise kan, ìyẹn ilé ìwé girama, tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lápá Kétu. Ó ku kí wọ́n fojú rí wa, kí wọ́n bi wá léèrè ọ̀rọ̀: ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá dé, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ka lẹ́tà ilé ìwé náà fún Bàbá ní Faransé, mo tún un sọ ní Nàgó. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n ní, “Ta ló ń bá ọ lọ?” Ràímì ní òun ni, òun á fi ọkọ̀ Bàbá gbé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, Ràímì mú ọkọ̀ jáde, ó ní òun fẹ́ lọ fẹ́ táyà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Ìyá ní Ouando, àpótí mi wà lẹ́sẹ̀ mi, mo wọ aṣọ búlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún mi, mo so owó ọkọ̀ mọ́ etí gèlè mi. Ràímì kò dé. Takisí tó ń lọ sí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láti ra epo. Ìyá ní, “Bó o ṣe jókòó yẹn, bá mi rọ ọ́ fún wọn.” Mo dìde nínú aṣọ tuntun, mo mú àrọ, mo rọ epo fún ti àkọ́kọ́, mo rọ ọ́ fún èkejì.

Ìkẹta ni ti Kétu. Ṣọ́fà tó ń wà á mọ̀ wá dáadáa, ó ti ń rà lọ́wọ́ Ìyá láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Ó yọrí jáde, ó ń kígbe, “Kétu! Kétu! Ẹnì kan ṣoṣo ló kù!” Ó rí àpótí mi. “Àbúrò, ṣé o ń lọ ni? Wọlé ká máa lọ.” Àyè ọ̀hún wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà kan tó gbé adìyẹ méjì sórí itan. Ó rí mi, ó sún díẹ̀ fún mi.

Mo wo Bàbá. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n wà, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì nìkan ni mo rí. Wọ́n gbọ́. Wọn kò tilẹ̀ yọjú, wọ́n kàn sọ pé, “Ràímì ń bọ̀.” Ìyá kò gbé ojú kúrò lára ìgò tó ń nu. Mo di àrọ mú sẹ́nu ọkọ̀ Kétu náà títí ẹ̀kán epo tó gbẹ̀yìn fi wọlé, mo fi ọwọ́ ara mi dé ìdérí ihò epo rẹ̀, mo sún sẹ́yìn. Mo tilẹ̀ kí ṣọ́fà pé ó dàbọ̀. Ọmọ gidi!

Wọ́n ti kírun ọ̀sán tán kí Ràímì tó dé, òógùn bò ó, pápá bọ́ọ̀lù Dowa ló ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbé mi lọ. Wọ́n ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Nígbà tí a padà dé, Bàbá nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, “Àyànmọ́ ni.” Àyànmọ́ kọ́, bọ́ọ̀lù ni! Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ síta. Ọdún méjì gbáko ni mo tún fi fa epo nídìí tábìlì yẹn kí n tó rí ọ̀nà mìíràn gbà dé ibi tí mò ń lọ.

Ìyẹn ni mò ń rò lórí ilẹ̀ pupa yẹn nígbà tí ọkọ̀ kan yọ lókèèrè. Ìyá arúgbó òyìnbó kan ló ń wà á, ajá rẹ̀ jókòó tì í. Ó wo inú ọkọ̀ mi, ó wo ojú mi. “Ìwọ nìkan?” Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo ní, “Èmi nìkan.” Ó ní, “Èmi náà,” ó sì lọ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀.

Agbá epo kan wà níbẹ̀, fún alùpùpù tí wọ́n fi ń da màlúù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń fà á jáde ti bàjẹ́. Ó dúró, ó ń họ orí. Mo bi í bóyá ó ní rọ́bà. Ó ní òun ní ọ̀kan. Mo ki í bọ inú agbá, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ létí ọkọ̀ mi, mo fà á. N kò yára tó. Epo kan ahọ́n mi, gbogbo rẹ̀ sì padà dé: bẹ́ǹṣì, àpótí, aṣọ búlúù. Mo tutọ́ sórí ilẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ìyá arúgbó yẹn rò pé epo ló ń dùn mí, ó fún mi lómi. Inú ló ń bí mi.

Nígbà tí mo dé ìlú tó wà níwájú, tí tẹlifóònù mi tún rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú, mo pe Bàbá. Wọ́n ti darúgbó, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní, “Ta ló wà pẹ̀lú rẹ níbẹ̀ yẹn?” Mo ní, “Kò sí ẹnì kankan, Bàbá. Epo tán lọ́nà, mo sì fi ẹnu fa òmíràn.” Wọ́n ní, “Ṣé o tutọ́?” Mo ní mo tutọ́. Mo wá bi wọ́n ní ohun tí n kò bi wọ́n láti ìgbà yẹn: “Bàbá, ẹ rántí ọkọ̀ Kétu?”

“Ọkọ̀ Kétu wo?” ni wọ́n wí. Wọn kò díbọ́n. Wọn kò rántí ni.

Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Kò sí ibi tí n kò lè gbé ọkọ̀ lọ lónìí, kò sì sí ẹni tí n óò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wakọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí i, mo ń rọ epo kún níbi gbogbo, mo ń gbé ìka sókè kí àwọn tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró ní Ouando pẹ̀lú àrọ lọ́wọ́, n kò lè bá a wọ ọkọ̀ náà. Owó ọkọ̀ wà létí gèlè rẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n sọ fún un pé Ràímì ń bọ̀, ó sì gbà wọ́n gbọ́.