Ọ̀gá Mi Wà ní Kóòtù Mìíràn

Ọjọ́ tí mo fi ilé iṣẹ́ lọ́yà tí mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Ìkẹjà sílẹ̀, ńṣe ni mo fẹsẹ̀ rìn dé òpópónà Ọ̀tígbà, tí mo ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni, gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ òmìnira. Èmi náà gba tèmi. Mi ò lọ́gàá mọ́ o jàre! Mo gba tábìlì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo to àwọn ìwé òfin mi lé e, ọ́fíìsì dé.

Ìyá mi ní Èkìtì ní ká sòótọ́, ṣé wọ́n lé mi ni. Mo ní èmi ni mo lé wọn.

Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ni obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní Àgídìngbì. Onílé rẹ̀ fún un ní oṣù kan péré láti kó jáde, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ló ń san owó ilé, òfin sì ní oṣù mẹ́fà ni kí wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Oṣù kan ọ̀hún yóò pé lọ́jọ́ Sátidé. Onílé ti lérí pé òun á kó àwọn géńdé wá wó ààrò rẹ̀, ààrò bíríkì tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ kó tó kú. Obìnrin náà ò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní, “Lọ́yà, ààrò yẹn ò ṣeé gbé lọ.” Inú bí mi débi pé mo kọ ìwé ẹjọ́ náà tán kí tíì mi tó tutù.

Ọjọ́bọ̀ ni ẹjọ́ bọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa àwa tá a ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Fún ọdún mẹ́sàn-án, iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń rán mi ní kóòtù ò ju pé kí n dìde, kí n tẹríba, kí n ní ọ̀gá mi wà níbòmíì, kí adájọ́ jọ̀wọ́ sún ẹjọ́ síwájú. Mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Bárakú burú.

Wọ́n pe ẹjọ́ wa. Mo dìde, mo tẹríba, ẹnu mi là, ó ní:

“Olúwa mi, ọ̀gá mi wà ní kóòtù mìíràn. A bẹ̀ yín, kí ẹ fún wa ní ọjọ́ mìíràn.”

Lọ́yà onílé ti fò dìde, ó ní òun fara mọ́ ọn, kí wọ́n sún un di oṣù tó ń bọ̀. Mo gbọ́ tí oníbúrẹ́dì mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Òógùn bò mí lábẹ́ wíìgì. Ẹnu mi ti kó bá ààrò opó náà.

Adájọ́ wo ìwé tó wà níwájú wọn, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní orúkọ lọ́yà kan ṣoṣo làwọn rí níbí, ta wá ni ọ̀gá mi?

“Èmi ni, Olúwa mi.”

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n nu omi ẹ̀rín, wọ́n bi mí bóyá ọ̀gá náà ti dé láti kóòtù kejì. Mo ní ó ti dé.

“Kó máa sọ̀rọ̀ nígbà náà.”

Mo sì sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ọ̀rọ̀ ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí oòrùn tó kàn tàrí, adájọ́ ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ààrò náà títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Láàárọ̀ Sátidé, obìnrin náà wá bá mi ní Ọ̀tígbà pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná méjì. Ó ní ọ̀kan ni tèmi, kí n bá òun fún ọ̀gá mi ní èkejì. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo jẹ méjèèjì tán.