Omi Tó Jó Ìyá Mi Léjìká

Ìyá mi kò pariwo. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó jókòó sórí àga ike ní balùwẹ̀ ilé wa ní Ọ̀fà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di orí ṣáwà mú, ó ń da omi sí èjìká òsì, èmi sì ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń sọ fún mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ àná ti pọ̀ jù. Ni mo bá rí i tí ooru ń rú láti èjìká náà. Mo na ọwọ́ sí omi. Ó gbóná bí èyí tí a fẹ́ fi tẹ ẹ̀bà.

Mo já ṣáwà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú sílẹ̀.

"Kí ló dé?" ló bi mí. Kò mọ nǹkan kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú lọ́dún tó ṣáájú, apá òsì rẹ̀ kò mọ tútù, kò mọ gbígbóná. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èjìká náà ti lé ròrò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé London ló fi ṣáwà náà ránṣẹ́ nítorí rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ohun tí a ń yí wà lára rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i. Bí o bá yí i sí méjìdínlógójì, omi kò gbọdọ̀ gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí hítà gbóná tó. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí àìsàn gbà lọ́wọ́ ìyá mi, ìwẹ̀ nìkan ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló kù tí mo ń bá a fọ̀.

"Ìwọ lo yí i kọjá," ni bàbá mi wí. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni, ó sì ti ka ìwé inú páálí ṣáwà náà lákàtúnkà.

"Bàbá, n ò fọwọ́ kàn án. Ẹ wá wò ó."

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí méjìdínlógójì ló wà.

Láti inú yàrá ni ìyá mi ti sọ pé, "Ẹ tú u dànù. Ẹ máa bá mi pọn omi sí péèlì." Ohùn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́ rárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wá púlọ́ńbà tó so ṣáwà náà lọ. Wọ́n ní ó wà níbi iṣẹ́ ní Òjòkú, mo sì gun ọ̀kadà tọ̀ ọ́ débẹ̀ nínú ọyẹ́. Alhaji ni, ó dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

"Alhaji, iṣẹ́ tí ẹ ṣe nílé wa ti jó màmá mi."

Ó gbé sípánà sílẹ̀. "Ṣé wọ́n wà láàyè?" Nígbà tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tẹ̀ lé mi lójú ẹsẹ̀.

Ó ní kí n na ọwọ́ sábẹ́ ṣáwà, òun fúnra rẹ̀ lọ ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná. Kò pẹ́ rárá.

"Ó ti ń gbóná!" ni mo ké.

Ó tì í, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. "Omi tútù ni kò tó," ló wí. "Bí wọ́n bá ti ṣí ti ilé ìdáná, ìwọ̀nba tó ń bọ̀ á gba ibẹ̀ lọ."

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń pọn omi nílé ìdáná lánàá. Mo rí i tó fi ọwọ́ ti ògiri. "Èmi ni mo jó o nígbà náà."

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Bàbá," ni Alhaji wí. " Ṣáwà yìí ló yẹ kó dá omi gbígbóná dúró fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí kò jẹ́ kó lè ṣe é."

Ó pa iná hítà, ó ti omi méjèèjì, ó tú ṣáwà náà. Ẹrẹ̀ ti dí asẹ́ kékeré tí omi tútù ń gbà wọlé. Kànga ti fà nínú ọyẹ́, ìsàlẹ̀ táńkì la ti ń lò. Lẹ́yìn náà ló yọ ọkàn ṣáwà náà jáde, irin kékeré kan tí ìda wà nínú rẹ̀. Bí omi bá gbóná, ìda náà á wú, á sì ti ojú ọ̀nà omi gbígbóná. Èérí funfun ti gbá a mú, kò lè sún. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí abọ́, a rẹ irin náà sínú rẹ̀ kí èérí náà lè ṣí, Alhaji sì lọ fọ táńkì. Títí ó fi kí ìrun Alásárì tán, kò sẹ́ni tó jẹun nílé wa.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé, mo sì ti yá tẹmọ́mítà wá. Nígbà tí Alhaji to ṣáwà náà padà, nọ́ńbà ní méjìdínlógójì, tẹmọ́mítà ní mẹ́rìnlélógójì. Ó yọ ohun tí a ń yí kúrò, ó rọra ń yí irin abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi bára mu. A dín ooru hítà náà kù.

Bàbá mi bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Èmi ni n ó kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Lọ ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná."

Mo lọ ṣí i. Mo dúró. "Bàbá?"

"Omi ti dín," ló dáhùn níkẹyìn, "ṣùgbọ́n kò gbóná."

Nígbà náà ni ìyá mi sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. "Bí omi tútù bá tán pátápátá nínú táńkì ńkọ́?"

A wo ara wa. Alhaji lọ ti omi tútù pa. Bàbá mi di ojú. Omi ṣáwà fà tín-ín-rín, ó ń kán, ó dá kó tó gbóná. Bàbá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lára, òtútù mú un, ó ń gbọ̀n.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí egbò náà tó jinná. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá mi ní kí n mú òun lọ sí balùwẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ nà sí omi, ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Mo fẹ́ fi tẹmọ́mítà sí i.

"Gbé ìgò yẹn kúrò lójú mi. Jáde, kí o sì ti ilẹ̀kùn."

Mo jáde. Bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, a jọ dúró, a ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, ó ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo ró ìró mọ́ra, ìró náà wọ́, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó wò wá látòkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ò níṣẹ́ ni?"