Gbólóhùn Òyìnbó Tí Sìkírá Sọ Níwájú Àlejò

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi ń wo fíìmù lórí fóònù ní pálọ̀, mo sì gbọ́ tí àlùfáà inú rẹ̀ ń bi ìjọ léèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí ìgbéyàwó náà. Ọmọ yẹn ń rẹ́rìn-ín. Èmi, ara mi bù máṣọ.

Ní Ọ̀fà, láyé ìgbà tí à ń fi aṣọ bo fídíò bí ọmọ tuntun, tíṣà ni ìyá mi. Lọ́sàn-án Sátidé, èmi àti Sìkírá ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Alhaji aláṣọ tí ilé wọn kángun sí tiwa, a ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, a ó máa wo fíìmù ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín àwọn òyìnbó, èyí tó ti gbó débi pé àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n. Mọ́mì á dá a dúró. "Kí ni jealous?" Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló máa bu ẹ̀pà jẹ. Sìkírá ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n. Ibi tí ẹnì kan ti já wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó pariwo "I object!", ló fẹ́ràn jù, a ó rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa run wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn àlejò wá láti Ìjàgbò, wọ́n wá tọrọ Sìkírá fún ọmọ wọn. Sìkírá ò tíì jáde girama. Èmi àti ẹ̀ ni wọ́n ní ká gbé omi wọlé.

Alhaji ní, "Sìkírá, o ti gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. Kí lo rí sí i?"

Ìbéèrè ojú ayé ni. Kó kúnlẹ̀, kó dákẹ́, ìyẹn ni gbogbo ilé ń retí. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ó wá ní, "I object."

Alhaji kò gbọ́ òyìnbó. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ tíṣà, kí ló wí?"

Ó yé mi pé tó bá sọ ọ́ ní Yorùbá, àfojúdi ni. Ní báyìí, ẹnu tèmi ni àfojúdi náà fẹ́ gbà jáde. Mo wo ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ lòun ń wò. Mo kúnlẹ̀ ti ọ̀rẹ́ mi.

"Ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, òun ò fẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́" yẹn, èmi ni mo fi kún un.

Alhaji dìde. Mo di ojú, mò ń retí ìgbátí. Ohùn àgbà àlejò ni mo gbọ́: "Alhaji, ẹ jókòó. Ọmọ tí ò fẹ́, a ò ní fipá mú un wọlé wa. Ẹ jẹ́ ó parí ìwé rẹ̀."

Baba rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ títí Iléyá fi kọjá, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó padà sílé ìwé. Nígbà tó jáde, ó wọ reluwé lọ sí Kàdúná, a ò sì rí ara wa mọ́.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí gbọ́ òyìnbó jù wá lọ. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí ọmọbìnrin tó jókòó láàárín àwọn àgbà, tí "mi ò fẹ́" há sí lọ́fun. Èdè pọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹni tó máa bá wọn sọ ọ́ ni mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ní.